Efinrin Tí Ìyá Àgbà Kì Í Jẹ́ Ká Já Òdòdó Rẹ̀

Ọdún kan tí Ìyá àgbà ti lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, inú sì ń bí mi. Mo mọ̀ pé ẹkún ló yẹ kí ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ ìwé nípa òkú. Ẹkún tèmi ti tán lọ́jọ́ kẹjọ. Ohun tó ṣẹ́ kù sí mi lọ́rùn ni ìbínú, díẹ̀ sí wọn, púpọ̀ sí ara mi, orí efinrin ni gbogbo rẹ̀ sì dá lé.

Clotilde, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Tchatchou, ló ní kí n kọ ọ́. Ó ní, "Tọ́ńtọ́n Benoît, ẹ̀yin lẹ bá wọn gbé pẹ́ jù. Ẹ kọ nǹkan sílẹ̀ kí ọdún wọn tó pé." Mo ní CM2 ni mo kàwé dé, kíláàsì tó gbẹ̀yìn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìdánwò sì lé mi padà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní Ìyá àgbà kò kàwé rárá, síbẹ̀ èmi kò borí wọn nínú ọ̀rọ̀ rí. Mo mú bírò.

Mi ò ní kọ ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ ọdún tí wọ́n bí wọn, Ìyá àgbà fúnra wọn kò sì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ṣe káàdì wọn kàn fojú wò wọ́n ni, ó kọ "vers", ìyẹn "nǹkan bí", ó sì fi ọdún kan tó wù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá àgbà ní kò burú, ó ti gbìyànjú. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ara ìgbálẹ̀ wọn.

Agboolé wa ní Alafiarou, létí ọ̀nà tó lọ sí oko kajú, ni àgbàlá rẹ̀ mọ́ jù ní gbogbo àdúgbò. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni Ìyá àgbà ń gbá a, wọ́n sì máa ń fi ẹ̀yìn rìn kí ẹsẹ̀ wọn má bàa kan ibi tí ìgbálẹ̀ ti kọjá. Ilà ìgbálẹ̀ náà á gún régé bí irun ìyàwó tuntun. Bí adìẹ bá rìn níbẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á wo ojú ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì sọ adìẹ ẹni tó jẹ́. Ewé máńgòrò kan kì í sùn nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Nínú irú àgbàlá bẹ́ẹ̀, láàárín gbùngbùn rẹ̀, ni efinrin wọn wà. Ibi tó fẹ̀ tó ẹní méjì ni, wọ́n fi òkúta yí i ká. Ebè méjì ló wà níbẹ̀. Ti ọwọ́ òsì, ti ìkòkò ọbẹ̀ ni. Àwọn obìnrin ilé lè já ewé rẹ̀, wọ́n sì lè já òdòdó rẹ̀ dànù bí gbogbo ayé ti ń ṣe, torí efinrin tó bá ti yọ òdòdó, ewé rẹ̀ á gbó, á sì le. Ti ọwọ́ ọ̀tún, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìyẹn á ga títí dé àyà mi, á yọ òdòdó funfun wẹ́wẹ́ lórí ọ̀pá gígùn, á gbẹ, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, oyin á sì bò ó láti àárọ̀ títí oòrùn á fi rọ̀. Ó dà bí ẹni tó fá orí kodoro tó wá dá irùngbọ̀n sí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan. Ẹ̀gbọ́n mi bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé, ẹni tó mọ́ tó báyìí, kí ló ń fi igbó ṣe nínú ilé. Wọn ò tilẹ̀ gbé orí sókè. Wọ́n ní, "Ilẹ̀ tí a gbá kì í ṣe ilẹ̀ tí a pa."

Torí kajú ni: bí oyin kò bá wọ òdòdó kajú, èso rẹ̀ kì í dúró. Àwa tí a wà níhìn-ín mọ̀ pé bí o bá pe àwọn ènìyàn sí ọ̀wẹ̀, kí wọ́n wá bá ọ kọ ebè iṣu, ìwọ lo máa bọ́ wọn lọ́jọ́ náà. Ẹni tó mọ ọ̀wẹ̀ bẹ̀ dáadáa kì í dúró di ọjọ́ náà. Á ti máa gbé àwo ọbẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn nígbà tí iṣẹ́ kò sí rárá. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá àgbà ń ṣe pẹ̀lú oyin. Kajú kì í yọ òdòdó àfi tí ọyẹ́ bá ti dé. Kó tó dé, òjò á ti lọ, wọ́n á ti dáná sun igbó, òdòdó kankan kò ní sí lóko, àwọn oyin á sì kọrí sí etí odò lọ́hùn-ún ní Bétérou. Ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, omi tí a fi fọ abọ́ kò gbọdọ̀ dànù. Ìdí efinrin ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń da gbogbo rẹ̀ sí. "Ẹni tí o kò bọ́ nígbà tí o kò níṣẹ́," Ìyá àgbà á wí, "má ránṣẹ́ pè é lọ́jọ́ iṣẹ́."

Ibi tí èmi wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí: mo bẹ̀rù oyin. Mi ò sọ pé mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Mo bẹ̀rù rẹ̀, bí ewúrẹ́ ti ń bẹ̀rù òjò. Nígbà tí mo fẹ́ fẹ́ Marthe, bàbá rẹ̀ gun mọ́tò wá láti Bétérou láti wá wo irú ènìyàn tí mo jẹ́. Mo wọ aṣọ tuntun. A jókòó, mò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ní oko mẹ́ta. Oyin kan bà lé ọrùn aṣọ mi. Mi ò rántí pé mo dìde. Ohun tí mo rántí ni pé mo bá orí mi nínú ìkòkò àgbàdo tí wọ́n rẹ fún ògì, nínú ilé ìdáná. Nígbà tí mo jáde, omikan ń ro láti irun mi, bàbá Marthe sì ń wò mí.

Bàbá náà ní, "Ìyá, ṣé ẹni tó máa dáàbò bo ọmọ mi nìyí?"

Ìyá àgbà ní, "Òun ni. Bí nǹkan bá lé ọmọ rẹ, kò sóhun tó máa bá wọn. Á ti gbé e sáré."

Nítorí ẹ̀rín tí bàbá náà rín lọ́jọ́ náà ni mo fi rí Marthe fẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó lọ tán, Ìyá àgbà pè mí, wọ́n bá mi yọ hóró àgbàdo kan létí, wọ́n ní, "Oyin yẹn kò mọ̀ pé o wà láyé, ọkọ mi. Ìwọ lo ń sáré kiri kó lè mọ̀ ọ́."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ di iṣẹ́ mi láti máa da omi sí efinrin. Mo gbà pé ìyà ni. Mo máa ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, ibi tó jìnnà dáadáa, màá ju omi inú igbá náà lókè bí ẹni tó ń lé ẹyẹ, màá sì yíjú padà kí n tó mọ ibi tó balẹ̀ sí. Ìyá àgbà á wo ilẹ̀ tútù tó wà láàárín èmi àti efinrin náà. "Omi tí ò ń dà yẹn," wọ́n á wí, "ìwọ àti ọ̀nà lẹ ń mu ún." Wọ́n á wá bu òmíràn, wọ́n á dà á fúnra wọn, oyin á máa rìn lọ́wọ́ wọn bí eṣinṣin lára ògiri.

Ohun tó ń bí mi nínú jù lára wọn ni pé wọn kì í ṣàlàyé. Bí mo bá bi wọ́n pé ìgbà wo ni a ń gé èyí tó ti gbẹ, wọ́n á ní, "Wàá rí i." Báwo la ṣe ń mọ̀ pé omi ti tó? "Wàá rí i." Àgbàlagbà ni mí, mo ti láya, mo ti bímọ, mi ò tíì rí nǹkan kan. Mo máa ń rò pé wọ́n ń tọ́jú ọ̀rọ̀ náà fún ẹni tó gbọ́n jù mí lọ ni.

Ẹni tí wọ́n jọ ń jà jù ni Àlájà Ràfí, tó ń ta wàgáṣì, wàrà dídì, létí títì, tí ọgbà igi lásán pààlà àgbàlá tiwọn àti tiwa. Àlájà Ràfí náà mọ́ tónítóní. Àgbàlá tiwọn kò ní ewéko kankan àfi efinrin kan ṣoṣo lẹ́yìn ilé ìdáná, tí wọ́n ń já òdòdó rẹ̀ kó tó yọjú. Wọ́n ní igbó inú ilé ń pe ejò. Lọ́jọ́ kan, bí Àlájà ṣe ń ṣe àlùwàlá, oyin kan ta wọ́n létè. Wọ́n wá sídìí ọgbà, ètè wọn wú.

"Ìyá, ẹ wo ẹnu mi."

"Mo rí i, Ràfí. Ó tóbi ju ti àná lọ. Ti àná náà kò sì kéré."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rín, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀. Torí láti ọjọ́ yẹn, odidi ìgbà òjò kan, Àlájà Ràfí kò bá Ìyá àgbà sọ̀rọ̀ mọ́, èmi ni wọ́n sì fi ń ṣe agbẹnusọ. Àwọn méjèèjì á dúró síbi tí wọ́n ti lè na ọwọ́ kan ara wọn, èmi á wà láàárín.

Àlájà á ní, "Benoît, sọ fún ìyá rẹ pé mi ò bá wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n wàgáṣì rèé."

Ìyá àgbà á ní, "Sọ fún Ràfí pé mo gbọ́ pé kò bá mi sọ̀rọ̀. Kó gba efinrin yìí, ó tutù."

Mo ní, "Ìyá, bí ẹ bá ń jà, kí ló dé tí ẹ fi ń gbé oúnjẹ fún ara yín?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n. "Ìjà la ń jà," wọ́n ní. "A kò gbààwẹ̀."

Bọ̀n, ó dáa báyìí. Ó kù ọ̀rọ̀ kandidá tó wá tọrọ ìbò, tí gbogbo Alafiarou mọ̀, tí wọ́n sì máa ń sọ yàtọ̀ sí bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí èmi kì í sí nínú èyí tí wọ́n ń sọ. Mo wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni mo wà.

Ìjọba ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ti lọ nígbà náà. Àwọn èèyàn ńlá ti ṣe ìpàdé wọn ní Cotonou, rédíò sì ń sọ pé ayé ti di Renouveau, ìyẹn ayé ọ̀tun, kí olúkúlùkù máa sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ láìbẹ̀rù. Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá àgbà, ẹnu yà wọ́n. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n ti fi òfin dè é tẹ́lẹ̀ ni? Kò sẹ́ni tó wá sọ fún mi."

Kandidá kan fẹ́ wá bá wa sọ̀rọ̀ ìbò. Délégé, olórí àdúgbò wa, ní àgbàlá wa ni òun yóò ti gbà á, torí pé ó mọ́, ó sì ní ibòji máńgòrò. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Benoît, ìwọ lọkùnrin ilé. Bá wa gé igbó yẹn kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́la. A kò lè fi èèyàn ńlá jókòó ti oyin." Mo ní kò sí wàhálà. Mo bẹ̀rù oyin, mo bẹ̀rù délégé, mo bẹ̀rù Ìyá àgbà. Lọ́jọ́ náà, délégé ló sún mọ́ mi jù.

Mo jí ní kùtùkùtù, mo mú àdá. Ìyá àgbà ti jókòó lórí àpótí níwájú ebè ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n ń pa ẹ̀gúsí sínú igbá.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Àdá yẹn ńkọ́?"

"Mo fẹ́ pọ́n ọn ni."

"Ó dára. Pọ́n ọn dáadáa. Àyè wà."

Mo lọ sínú ilé ìdáná lọ pọ́n ọn. Délégé dé, ó bẹ̀ wọ́n, ó ní kí wọ́n kàn sún díẹ̀. Wọ́n ní orúnkún ń dùn wọ́n. Ọkọ̀ kandidá dé pẹ̀lú eruku rẹ̀, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè to àga tí ti kandidá kò fi ní bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá àgbà àti efinrin. Ó jókòó. Ó sọ̀rọ̀ kànga, ó sọ̀rọ̀ títì, ó sọ̀rọ̀ ilé ìwé. Oyin kan ń rìn lọ lápá aṣọ ńlá rẹ̀, mo sì ń wò ó láti ojú ihò ìlẹ̀kùn, òógùn ń bò mí nítorí rẹ̀. Ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ràn mí lọ́wọ́."

Ìyá àgbà gbé igbá ẹ̀gúsí sílẹ̀. "Ọmọ mi, ọ̀wẹ̀ lo wá bẹ̀ wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Kò burú. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi yìí ló ń bá mi ṣe ọ̀wẹ̀ kajú. Láti ìgbà tí òjò ti dá ni mo ti ń bọ́ wọn, mi ò sì tíì níṣẹ́ kankan fún wọn. Ìwọ ńkọ́? Nígbà tí kànga wa gbẹ lọ́dún tó kọjá, oúnjẹ wo lo gbé wá?"

Délégé ń wo bàtà rẹ̀. Kandidá náà rẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni Ìyá sọ, ó sì mu omi, ó lọ. Bó wọlé o, bí kò wọlé o, kànga náà ṣì wà bó ṣe wà. Nígbà tí eruku ọkọ̀ ti balẹ̀, Ìyá àgbà gbé igbá ẹ̀gúsí wọn wọ ilé ìdáná. Wọ́n bá mi lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, àdá ṣì wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n fi ìka kan kan ẹnu rẹ̀. "Ó ti mú tó báyìí?"

Ó mú tó. Ohun tí ó ń dùn mí nìyẹn.

Òpin òjò ọdún tó kọjá ni wọ́n lọ. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni àìsàn náà. Lọ́jọ́ kejì mo bi wọ́n pé, "Ìyá, kí ni ká ṣe sí efinrin?" Mo rò pé ní báyìí wọ́n á sọ ọ́ tán. Wọ́n ṣí ojú, wọ́n ní, "Wàá rí i."

Mo fẹ́ kí gbogbo ẹbí mọ èyí: ẹnikẹ́ni kò ní kí n gé e. Àwọn àgbà ilé kàn ní kí á tún àgbàlá ṣe, torí èrò ń bọ̀ láti Bétérou, láti Tchatchou, títí dé Savè, wọ́n á sì gbé bàṣì, ìyẹn àtíbàbà, ró. Èmi ni mo ro ó lọ́kàn ara mi pé bí oyin bá ta àlejò níbi ìsìnkú, ìtìjú tiwa ni. Ẹ wo bí ẹ̀rù ṣe mọ aṣọ ọgbọ́n í wọ̀. Mo dúró kí òjò wẹ́liwẹ́li bẹ̀rẹ̀, torí oyin kì í fò nínú òjò. Mo gé ebè méjèèjì, mo wú gbòǹgbò, mo fi àwọn òkúta náà ti ẹsẹ̀ bàṣì, mo sì fi ìyókù kún pàǹtí tí wọ́n sun. Àgbàlá mọ́. Gbogbo àlejò ló yìn ín.

Àlájà Ràfí gbé wàgáṣì wá fún àwọn àlejò. Wọ́n dé àárín àgbàlá, wọ́n dúró, wọ́n gbé abọ́ náà kalẹ̀.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, Àlájà. Nítorí àwọn àlejò."

Àlájà wo bàṣì, wọ́n wo àwọn tó jókòó, wọ́n sì wo ilẹ̀ náà. "Àwọn tó ti wà níbẹ̀ ńkọ́?"

Nígbà tí ọyẹ́ dé, kajú yọ òdòdó. Òdòdó náà pọ́n, ó gbẹ, ó sì ń já sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Èso tó dúró kò tó nǹkan. Mi ò lè búra pé efinrin ló fà á. Àwọn kan ní ọyẹ́ le jù lọ́dún náà, ó sì le lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo wọ inú oko lọ láàárọ̀ kan, mo dúró lábẹ́ igi tó kún fún òdòdó, mi ò gbọ́ ìró kankan. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, kò sí ohun tí mo lè sá fún. Mi ò gbádùn rẹ̀.

Bí òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá irúgbìn efinrin. Mo rin gbogbo Alafiarou. Kò sí ilé tí kò ní efinrin, kò sì sí ọ̀kan tó ní irúgbìn lórí, torí gbogbo wa la ń já òdòdó. Àwa tí a ń jẹ efinrin láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa, kò sẹ́ni tó jẹ́ kó dàgbà àfi òkú mi. Mo padà sílé pẹ̀lú ìbínú. Àlájà Ràfí rí mi láti ìdí ọgbà.

"Benoît, kí lò ń wá kiri bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù?"

"Irúgbìn efinrin, Àlájà."

"Ẹ̀ka là ń gún mọ́lẹ̀. Ta ló ń wá irúgbìn efinrin kiri?" Wọ́n lọ sẹ́yìn ilé ìdáná wọn, wọ́n gé ẹ̀ka márùn-ún wá. "Gbà. Ìyá rẹ ló fún mi ní ìyá wọn, lọ́dún tí a kò bára wa sọ̀rọ̀. Ìwọ náà lo gbé e fún mi. O ti gbàgbé?"

Mo ti gbàgbé. Mo gún wọn mọ́lẹ̀ ní àárín àgbàlá, ebè méjì. Ìyọnu wá bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ èrò bàṣì ti tẹ ilẹ̀ náà le bí àwo. Ewúrẹ́ jẹ méjì. Èyí tó kù yọ òdòdó, Marthe sì já a, torí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Mo bá a sọ ọ́, ó ní òun gbọ́, ó tún já a. Lẹ́ẹ̀kẹta mo pariwo mọ́ ọn. Ó ju ewé ọwọ́ rẹ̀ sínú abọ́. "Ìwọ tó gé gbogbo rẹ̀ lo ń fi òfin de ìka mi." Òótọ́ ni. Mo lọ wá òkúta, mo fi yí i ká, mo sì fi hàn án: ọwọ́ òsì, tìrẹ, ọwọ́ ọ̀tún, ti oyin. Láti ìgbà náà, bí ó bá ń gbálẹ̀, ó máa ń fi ẹ̀yìn rìn yí òkúta náà ká. Mi ò kọ́ ọ.

Òjò ti lọ báyìí. Wọ́n ti sun igbó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, efinrin ọwọ́ ọ̀tún yọ òdòdó dáadáa, igi méjì péré, kò tíì ga ju orúnkún mi lọ. Lánàá ní ìrọ̀lẹ́, Marthe fọ abọ́ tán, ó gbé igbá omi náà lé mi lọ́wọ́. Mo dúró ti odó, níbi tí mo ti máa ń dúró. Láti ibẹ̀ mo rí wọn: oyin mẹ́ta, bóyá mẹ́rin. Mo wo ilẹ̀ gbígbẹ tó wà láàárín wa. Mo wá kúrò nídìí odó, mo rìn lọ títí ẹsẹ̀ mi fi kan òkúta, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Omi ń dà sí mi lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ síbi tó yẹ. Ọ̀kan nínú wọn fò kúrò lórí òdòdó, ó yí kọjú sí mi.

Mo sá. Mi ò ní purọ́ fún ẹbí mi. Ilé ìdáná ni wọ́n ti bá mi. Ṣùgbọ́n mo da omi náà tán kí n tó sá.